Ẹlẹ́rìí Mẹ́fà Nínú Òfuurufú

Bí ọyẹ́ bá dé sí Fìdítì, ayé a há. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀bá títì láàárọ̀ kùtù oṣù kìíní, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń pàtẹ ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn èrò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ojú rẹ̀ kò ní ríran kọjá ilé mélòó kan. Eruku tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà rìn wá a bo òrùlé, a bo ewé, a sì bo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀. Àwọn awakọ̀ a tan iná mọ́tò lójúmọmọ. Síbẹ̀, bó ti wù kí ọyẹ́ náà ṣú tó, awakọ̀ orí títì ní ohun kan tí kì í rántí pé òun ní, ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ wà lábẹ́ táyà rẹ̀, ó ń sọ fún un nígbà gbogbo pé ìsàlẹ̀ nìyí. Bí ojú kò bá ríran mọ́, ó lè yà sẹ́bàá ọ̀nà, kó paná ọkọ̀, kó dúró de oòrùn. Ẹni tó ń wa bàálù nínú ọyẹ́ kan náà kò ní ilẹ̀, kò sì lè dúró. Aago mẹ́fà tó wà níwájú rẹ̀ ló ní.

Àwọn aago mẹ́fà yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Olùkọ́ físíìsì ni mí, Fìdítì níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àbúrò mi ọkùnrin sì ń wa bàálù. Òun ló kọ́kọ́ tẹ́ àwòrán iwájú àga awakọ̀ sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì, nígbà tó wá bá wa ṣọdún Kérésì. Ó fi ìka tọ́ka sí àwọn aago náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ohun tó wà níbí tí ẹ ò tíì kọ́ àwọn ọmọ yín rí. Mẹ́ta ń lo afẹ́fẹ́, mẹ́ta ń lo òkòtó. Ó parí." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì ti ń rò ó láti ìgbà náà. Bí mo ṣe ń rò ó sí i ló ń hàn sí mi pé ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn aago wọ̀nyí: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ òótọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran, tí ara rẹ̀ sì ń tàn án jẹ?

Ara náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Nínú etí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, jìnnà sínú ju ibi tí ojú lè rí lọ, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wà tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, omi sì wà nínú wọn. Bí a bá yí orí, omi yìí a kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn, àwọn irun wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ a tẹ̀, ọpọlọ a sì mọ̀ pé a ti yí. Ẹ̀bùn ńlá ni fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bí yíyí náà bá ń bá a lọ láìyí padà fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú-àáyá, omi náà a bá ihò tó gbé e dọ́gba, irun a nà, ọpọlọ a sì gbà pé a ò yí mọ́. Bàálù ṣì ń yí, ara ti ní ó ti tọ́. Bí awakọ̀ bá wá mú bàálù náà tọ́ lóòótọ́, ara a tún kígbe pé a ti ń yí sí ọwọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ojú ń rí ibi tí ọ̀run àti ilẹ̀ ti pàdé, ojú a sì bá etí wí. Nínú ìkùukùu, nínú ọyẹ́, tàbí lórí òkun lóru, ojú kò ní ohun tó máa fi bá etí wí.

Etí kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi inú rẹ̀ ló ń sọ, ó sì ń fi gbogbo ọkàn sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń léwu. Òpùrọ́ a máa gbọ̀n, a máa wo ilẹ̀, a sì lè fura sí i. Ẹlẹ́rìí tó gbà pé òótọ́ lòun ń sọ kì í gbọ̀n.

Ní 1954, wọ́n dán èyí wò ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó 20 awakọ̀ jọ, àwọn tó mọ bàálù wà lójú ọ̀run tó mọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò kọ́ bí a ṣe ń fi aago nìkan wà á, wọ́n sì ṣe é tí wọn kò fi lè rí ìta. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí apá rẹ̀ ká bàálù náà. Bí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, 178 ìṣẹ́jú-àáyá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lò kí ìjánu tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ọkọ̀ wà. Ẹni tí wọn ì bá gbà gbọ́ ni wọn kò mọ̀.

Ẹni tó fi han ayé pé aago lè gbé ènìyàn gòkè kó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ láyọ̀ ni James Doolittle, ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1929, ní Mitchel Field nítòsí New York, wọ́n bo ibi tó jókòó sí pátápátá. Ó gbéra, ó yípo, ó sì balẹ̀, kò rí ìta rárá. Ẹnì kejì rẹ̀, Ben Kelsey, jókòó síwájú, ó ń ṣọ́ ọ bóyá nǹkan lè yíwọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò kan ọwọ́ rẹ̀. Paul Kollsman, ọmọ Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló ṣe aago gíga tó wà níwájú Doolittle lọ́jọ́ náà. Iléeṣẹ́ Sperry ló ṣe èyí tó ń fi ìdúró bàálù hàn àti èyí tó ń fi ibi tó dojú kọ hàn. Àwọn ọmọ-ọmọ aago wọ̀nyẹn ló wà níwájú àbúrò mi lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn mẹ́ta tó ń lo afẹ́fẹ́. Àkọ́kọ́ ni aago eré. Ọ̀pá kékeré kan tó ní ihò lẹ́nu wà níta bàálù, ó dojú kọ iwájú. Henri Pitot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ní 1732, kó lè fi mọ bí omi odò Seine ṣe ń sáré tó ní Paris, orúkọ rẹ̀ náà ni ọ̀pá ọ̀hún sì ń jẹ́ di òní. Afẹ́fẹ́ tí bàálù ń sáré kọlù a rọ́ wọ inú rẹ̀. Ihò mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bàálù tí afẹ́fẹ́ kì í rọ́ wọ̀. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni tibẹ̀. Aago eré a fi èkíní wé èkejì: bí ìyàtọ̀ wọn bá ṣe pọ̀ tó ni eré ṣe pọ̀ tó. Wọ́n kun ojú aago náà ní àwọ̀. Àwọ̀ ewé ni ibi eré ojoojúmọ́, àwọ̀ ìyeyè ni ibi ìṣọ́ra, ìlà pupa sì ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí eré bá sì lọ sílẹ̀ jù, ìyẹ́ kò ní lè gbé bàálù mọ́, á já bọ́. Ohun tí aago yìí ń wọ̀n ni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lu bàálù. Kò mọ bí bàálù ṣe ń yára tó lórí ilẹ̀, kò sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni aago gíga. Ìkòkò irin pẹlẹbẹ kékeré ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n dì pa. Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, agbára tó fi ń tẹ ìkòkò náà a dín kù, ìkòkò a wú díẹ̀, wíwú rẹ̀ a sì ti ọwọ́ aago. Nítòsí ilẹ̀, bí a bá fi nǹkan bí 30 ẹsẹ̀ bàtà gòkè, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ a fi ẹyọ ìwọ̀n kan dín, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hectopascal. Nítorí náà aago gíga kò rí ilẹ̀ rí. Yálà òkè Àdó-Àwáyè ló wà nísàlẹ̀ ni o, yálà òkun ni, bákan náà ni lójú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló mọ̀. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ sì ń yí padà láti àárọ̀ dé alẹ́, láti ìlú dé ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ fi ń ka nọ́ńbà ti àkókò náà fún awakọ̀, tí òun náà á sì yí bọ́tìnnì kan títí aago rẹ̀ yóò fi bá a mu. Bí nọ́ńbà tó fi síbẹ̀ bá fi 10 ju èyí tó yẹ lọ, aago náà yóò máa sọ fún un pé ó ga ní nǹkan bí 300 ẹsẹ̀ bàtà ju ibi tó wà lọ. Nínú ọyẹ́, ìyẹn tó láti pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹta nínú wọn ń sọ bí bàálù ṣe ń yára gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ìyá aago gíga ni, àfi pé wọ́n dá ihò tíntìntín sí i kí afẹ́fẹ́ lè máa jò díẹ̀díẹ̀, kó lè máa fi ìtẹ̀ ìṣẹ́jú yìí wé ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Nítorí jíjò yìí, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ẹlẹ́rìí tó ń ronú kó tó sọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ aago gíga kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà, bàálù VC10 ti Nigeria Airways, tí nọ́ńbà ìrìn rẹ̀ jẹ́ 825, ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti dúró ní Róòmù àti ní Kánò, Èkó nìkan ló kù. Bó ti ń sún mọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkejà, ó kọlu igi, ó já, iná sì sọ. Gbogbo ẹni 87 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Àbájáde ìwádìí ni pé àwọn awakọ̀ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ga tó gan-an bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí bàálù wálẹ̀ kọjá ibi tí ewu kò sí nígbà tí ojú wọn kò tíì rí ilẹ̀. Ohun tó máa ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé aago gíga wà níwájú wọn. Kí ẹlẹ́rìí wà nínú ilé ẹjọ́ jẹ́ ohun kan. Kí a bi í léèrè, kí a sì fetí sí ìdáhùn rẹ̀ ní àkókò tó yẹ, ohun mìíràn ni.

Àwọn mẹ́ta tó kù ni àbúrò mi fi òkòtó júwe, òtítọ́ sì ni, nítorí òfin kan náà ló ń dá wọn dúró. Ọmọ tó bá ti ta òkòtó rí mọ̀ pé òkòtó tó ń yí kíkankíkan kì í ṣubú, bí a bá sì fẹ́ fi ọwọ́ tì í, yóò bá wa jà. Nínú aago ìdúró bàálù, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tó ń yí ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì so ó kọ́ lọ́nà tí bàálù fi lè tẹ̀ yí i ká kí òun má tẹ̀. Lójú aago náà, apá òkè ní àwọ̀ ọ̀run, apá ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, àwòrán bàálù kékeré sì wà láàárín. Bí ìyẹ́ bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, bí imú bá gbé sókè, ibẹ̀ la ti ń rí i. Òun ló wà láàárín gbùngbùn gbogbo aago, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú sì máa ń padà sí.

Aago tó ń sọ ibi tí bàálù dojú kọ náà ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ó ń ka ojú ọ̀nà láti 0 dé 360, láìmì, láìṣe ségesège. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ yìí kò mọ ibi tí àríwá wà fúnra rẹ̀. A ní láti sọ fún un ni, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣìnà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí ara wọn, awakọ̀ ní láti wo kọ́ńpáàsì onímágínẹ́ẹ̀tì, kó sì tún un ṣe. Kọ́ńpáàsì náà mọ àríwá, ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń yí, a máa mì, a máa sọ ìsọkúsọ. Èkíní dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n ó ń gbàgbé; èkejì ń rántí ṣùgbọ́n kò dúró. A nílò àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kẹfà ń sọ bí bàálù ṣe ń yára yí. Bí ìyẹ́ àwòrán kékeré inú rẹ̀ bá kan àmì, ìṣẹ́jú méjì gbáko ni bàálù yóò fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú omi, tó ń fi hàn bóyá yíyí náà gún régé tàbí bàálù ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń yí kẹ̀kẹ́ aago ìdúró àti ti ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń yí ti ẹ̀kẹfà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí àrùn kan ṣoṣo má baà pa gbogbo wọn. Ẹni tó ṣètò yìí mọ̀ pé kò yẹ kí gbogbo ẹlẹ́rìí máa jẹun nínú abọ́ kan náà.

Ẹ wá wò ó: kò sí èyí tó rí òtítọ́ lódindi nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀kan mọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ọ̀kan mọ ìyàtọ̀ afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ kan dúró sí. Mo bi àbúrò mi pé èwo ló gbára lé jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí èyí tí mo gbára lé nínú wọn. Àárín wọn ni mo gbára lé. Mo wo ìdúró, mo wo eré, mo padà sí ìdúró, mo wo gíga, mo tún padà. Ojú mi kì í sùn sórí aago kan." Bí aago ìdúró bá ní imú bàálù ti gbé sókè, eré yẹ kó máa dín kù, gíga yẹ kó máa pọ̀ sí i, aago ìgòkè yẹ kó jẹ́rìí sí i. Bí aago ìdúró bá ní a ń gòkè, tí eré ń pọ̀ sí i, tí gíga ń dín kù, a jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ti ya aṣiwèrè, awakọ̀ sì ní láti mọ ẹni náà kíákíá, kó pa á tì. Ohun tí àwọn baba wa sọ nípa ìdájọ́ láàárín ọmọ ènìyàn nìyí: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì 1996, bàálù Boeing 757 ti iléeṣẹ́ Birgenair gbéra ní Puerto Plata, ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic. Wọ́n ti gbé bàálù náà kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìbo ẹnu ọ̀pá Pitot rẹ̀. Àwọn olùwádìí gbà pé ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé agbọ́n, irú èyí tó ń fi amọ̀ kọ́lé, ló kọ́lé sínú ọ̀pá tó ń jíṣẹ́ fún aago eré ọ̀gá awakọ̀. Bí bàálù ti ń gòkè, aago ọ̀gá ní eré ti pọ̀ jù, nígbà tí aago igbákejì rẹ̀ ń sọ òótọ́ pé eré ti ń tán lọ. Aago tó ń purọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé. Eré tán, ìyẹ́ kò gbé e mọ́, bàálù já sínú òkun, ẹni 189 sì kú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, bàálù iléeṣẹ́ Aeroperu gbéra ní Lima, ní ilẹ̀ Peru; àwọn tó fọ̀ ọ́ ti fi téèpù bo àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì gbàgbé láti ṣí i. Gbogbo aago mẹ́ta tó ń lo afẹ́fẹ́ ló sọ ìsọkúsọ lóru lórí òkun, ẹni 70 sì ṣègbé. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn méjèèjì ni mo ti ń wo agbọ́n tó ń kọ́lé sí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wa ní Fìdítì pẹ̀lú ojú mìíràn. Àbúrò mi sọ fún mi pé kí òun tó wọ bàálù, òun a rìn yí i po, òun a sì fi ojú ara òun wo ihò kọ̀ọ̀kan. A kì í gba ẹ̀rí láì wo ẹnu ẹlẹ́rìí.

Ìtàn tó sún mọ́ wa jù lọ ni ti Kenya Airways, nọ́ńbà ìrìn 431, nítorí ọyẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2000, bàálù Airbus A310 yìí ń ti Nairobi bọ̀ wá sí Èkó, kó tó kọjá lọ sí Abidjan. Ọyẹ́ tó bo Èkó kò jẹ́ kó lè balẹ̀, ló bá kọjá tààrà sí Abidjan. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà, ó gbéra láti Abidjan, ó ń padà bọ̀ wá sí Èkó, ẹni 179 sì wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Bí táyà rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ ni ẹ̀rọ ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé eré kò tó, pé bàálù fẹ́ já. Irọ́ ni ìkìlọ̀ náà. Bàálù kò fẹ́ já rárá, ìyẹ́ rẹ̀ gbé e dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ awakọ̀ láti ṣe bí ó bá gbọ́ igbe yẹn ni kó tẹ imú bàálù sílẹ̀, ìyẹn náà ni igbákejì ọ̀gá tó ń wà á ṣe. Iwájú wọn òkun ni, òkùnkùn biribiri, kò sí iná, kò sí ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Eré wà lójú aago, gíga wà lójú aago, ìdúró wà lójú aago, ohùn wọn kò sì bá ti ẹ̀rọ ìkìlọ̀ mu. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, bàálù ti kọlu omi. Ẹni 169 kú, ẹni 10 ló yè.

Mi ò jókòó sí Fìdítì láti máa bú ẹni tí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni gbogbo àkókò tó ní. Ìkìlọ̀ tó ń pariwo létí ènìyàn nígbà tí ìsàlẹ̀ ti sún mọ́ kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí tó ń pariwo jù lè ṣe é kí a má gbọ́ ti àwọn márùn-ún tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ariwo kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ nínú òkùnkùn ní láti kọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lójú ọjọ́ tó mọ́, bí a ṣe ń wo gbogbo ojú aago kí ọwọ́ tó ṣe ohunkóhun.

Ohun kejì tí mo rí kan àwa Yorùbá gan-an. Nínú bàálù ńlá, ẹni méjì ló jókòó síwájú, ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá, èkejì sì jẹ́ igbákejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní aago tirẹ̀. Ní Puerto Plata, aago ọmọdé ló ń sọ òótọ́. Àwa tí a tọ́ pé ọmọ tó mọ ìwà kì í já àgbà nírọ́, ó yẹ kí a ro èyí dáadáa. Bíbọ̀wọ̀ fún àgbà dára, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà tó kọ́ wa ní ọ̀wọ̀ ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá Pitot kò mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ igbákejì bí a ṣe ń sọ pé "Ọ̀gá, ẹ wo aago mi", tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá bí a ṣe ń gbọ́ ọ láìbínú. Kì í ṣe àrífín. Ẹ̀mí èrò ẹ̀yìn wọn ló wà nínú gbólóhùn yẹn.

Nínú àwọn bàálù tuntun, aago mẹ́fà ti di ojú gíláàsì kan tó ń tàn, kọ̀ǹpútà ló sì ń ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìdúró wà láàárín, eré wà lọ́wọ́ òsì, gíga wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú ọ̀nà wà nísàlẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan náà ni, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Nítorí pé kọ̀ǹpútà náà lè kú, aago mìíràn tó dá dúró ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ ìṣòro.

Mo ní ọ̀rọ̀ méjì láti sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi. Àkọ́kọ́ ni ti àwa èrò ọkọ̀. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, inú a máa bí àwọn ènìyàn ní Ìkejà nítorí pé wọ́n sún ìrìn-àjò wọn síwájú, wọ́n a máa ja àwọn òṣìṣẹ́ níyàn pé ojú ọ̀run kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún awakọ̀ ní àkókò. Òfin là á sílẹ̀ bí ojú ṣe gbọ́dọ̀ ríran tó kí bàálù tó balẹ̀, nítorí àwọn aago wọ̀nyí lè gbé ènìyàn la inú ọyẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ pápá wa, ojú gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ kí táyà tó kàn án. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò ṣì dé.

Èkejì ni ti àwọn ọmọ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfuurufú ti ìjọba ti wà ní Zaria láti 1964, òmíràn sì wà ní Ìlọrin tí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2017, Adémilọ́lá Odùjìnrìn, ọmọ Nàìjíríà, parí ìrìn-àjò tó dá nìkan fi bàálù kékeré rìn yí ayé po. Kò sí ohun tó wà nínú àwọn aago tó tẹ̀ lé tí ọmọ Fìdítì, ọmọ Ìlọrá tàbí ọmọ Jọ́bẹ̀lẹ̀ kò lè kọ́ lójú pátákó: ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ àti òfin òkòtó ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá dé orí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ nínú ìwé, ẹ má jẹ́ kó parí sí kí wọ́n há a sórí fún ìdánwò. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ́ wọn láti máa béèrè pé, kí ni nǹkan yìí ń wọ̀n gan-an, kí ló lè mú un sọ ìsọkúsọ, ta ni ẹlẹ́rìí kejì? Ọmọ tó bá mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí yóò wúlò nínú bàálù, yóò wúlò nílé ìwòsàn, yóò sì wúlò nígbà tí ẹnì kan bá gbé ìròyìn tó ń múni fò sókè sórí fóònù rẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ tán kí ẹ tó dá a.